Ògiri Tí Ọwọ́ Màmá Mọ̀

Àńtí Má-wó-o kúnlẹ̀ ti ògiri, ó ń fi òkúta ìpọ́nbẹ ha etí búlọ́ọ̀kù tuntun kan. Bí ó bá ha á díẹ̀, á fi aṣọ tútù nù ún, á di ojú rẹ̀ méjèèjì, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ògiri náà lọ, á tún fi tọ̀ ọ́ bọ̀. Níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, ibẹ̀ ni á tún ha.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Bíríkìlà wí láti orí àkàbà, níbi tó ti ń nu ẹrùpẹ̀ kúrò lórí fèrèsé. "Ẹ ó ha á títí á fi di ìyẹ̀fun."

"Kò tíì tó."

"Ojú mi kò rí ìyàtọ̀ kankan mọ́ o."

"Ta ló bi ojú yín? Ẹni tó ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí kò ní fi ojú wò ó. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ di ojú yín, kí ẹ fọwọ́ kàn án."

Bàbá Bíríkìlà sọ̀ kalẹ̀, ó di ojú, ó na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ rìn díẹ̀, ó dúró. Ó tún rìn, ó tún dúró. Ó la ojú, ó mí kanlẹ̀.

"Ó ku díẹ̀," ni ó wí.

"Díẹ̀ tó kù yẹn náà ni mo ń ha."

Gbogbo onílé tó bá fẹ́ gbé katapílà wọ ilé àtijọ́ ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu obìnrin yìí: "Ẹ má wó o." Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba ilé tí wọ́n kọ́ láyé àwọn bàbá wa, kí ó bọ́ gbogbo ẹ̀wù tí kò yẹ ẹ́ tí àwọn ará ẹ̀yìn wọ̀ fún un, kí ó ṣe omi àti iná rẹ̀ bí ti òde òní, kí ó sì jẹ́ kí ìyókù rí bí ẹni tó kọ́ ọ ṣe fẹ́ kó rí. Kò fẹ́ràn àṣedànù. Ìṣó tó bá yọ lára pákó, ó máa ń nà án ni, kó tún un kàn.

Ilé Màmá Nọ́ọ̀sì yìí jẹ́ ilé ilẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀, tó fẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó na apá. Nígbà tí Àńtí Má-wó-o kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, táìlì olówó pọ́ọ́kú ló bo ilẹ̀, rọ́bà funfun ló bo àjà, ọ̀dà aláwọ̀ ewé sì nípọn lára gbogbo ohun tí ọ̀dà lè lẹ̀ mọ́. Ó ṣí táìlì kan, ó rí tẹ́ráásò lábẹ́ rẹ̀, tó-tò-tó bí ara ẹtù. Ó ṣí rọ́bà àjà, ó rí pákó pupa tí ikán kò kàn. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó bá ẹbí pàdé ní ìlú àjèjì.

Ṣùgbọ́n ògiri oníhò yìí ni ọkàn ilé náà. Ó na láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, ihò inú búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan sì dà bí ewé mẹ́rin tó pàdé lójú kan, tí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ojú Màmá ti ṣú láti ọdún mélòó kan. Ògiri náà ni ọ̀pá rẹ̀. Ọwọ́ ni ó fi ń kà á lọ sí yàrá, ọwọ́ ni ó fi ń kà á bọ̀, títí etí àwọn búlọ́ọ̀kù tó wà ní ìwọ̀n àyà rẹ̀ fi kúnná bí ọṣẹ tí a ti lò.

Àrẹ̀mọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ní kí wọ́n wó ilé náà, kí òun kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Màmá kọ̀. Wọ́n fà á títí, kí wọ́n tó fẹnu kò sí ibì kan: wọn yóò tún ilé ṣe, Màmá yóò sì máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Lọ́jọ́ tí ó bá padà dé, bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ ilé, yóò jókòó sínú rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n, yóò bá Àrẹ̀mọ padà, kí katapílà máa wọlé.

"N kò ní máa táràrà nínú ilé ara mi bí àlejò," ni Màmá wí.

Ìgbà tí iṣẹ́ dé ìdajì ni àjálù ṣẹlẹ̀. Àńtí Má-wó-o wà lọ́jà pákó, ó ń ṣa igi, ni ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá Bíríkìlà lórí fóònù: *E fo ogiri oniho yen ki n to de.* Ohun tó ní lọ́kàn ni kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ ògiri náà, kí ọ̀dà aláwọ̀ ewé yẹn lè rọ̀. Ṣùgbọ́n kò fi àmì ohùn sí i. Ó ń kánjú. Bàbá Bíríkìlà, tí òòlù kì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀, kà á sí pé kí òun fọ́ ògiri. Ìgbà tí Àńtí Má-wó-o fi máa dé, ihò ńlá kan ti yọ láàárín ògiri, níbi tí ọwọ́ Màmá máa ń gbà gan-an.

"Mo ní kí ẹ fọ̀ ọ́!" ni ó ké.

"Ẹ ní kí n fọ́ ọ ni!"

"Fọ̀ ọ́! Fọ̀ ọ́! Ọṣẹ àti omi!"

Bàbá Bíríkìlà na fóònù sí i. "Ẹ wò ó fúnra yín, Ọ̀gá. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Èwo ló ṣẹ̀ níbí? Ìka tó di òòlù mú ni, àbí ìka tó tẹ fóònù?"

Àńtí Má-wó-o wo àtàǹpàkò ara rẹ̀. Òun tí kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan gé pákó láìjẹ́ pé ó wọ̀n ọ́n tán, òun ni kò wo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò kó tó rán an.

"Tèmi ni," ó wí. "Ẹ kó àfọ́kù yẹn jọ. Ẹ má da ẹyọ kan nù."

Wọ́n lọ àfọ́kù náà, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì kí àwọ̀ má baà yàtọ̀. Ó fi pákó kan àpótí kékeré kan tó bá búlọ́ọ̀kù àtijọ́ dọ́gba, àti ewé mẹ́rin inú rẹ̀, inú àpótí náà ni ó sì ti ń da tuntun. Àwọn tó kọ́kọ́ dà sán. Àwọn tó tẹ̀ lé e tóbi jù. Ìgbà tí ó wá bọ́ sí i, tí Bàbá Bíríkìlà tò wọ́n sí àyè wọn, ẹni tó bá kọjá kò lè sọ pé nǹkan ṣe ògiri rí. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Búlọ́ọ̀kù tuntun ní ihò, ó ní àwọ̀. Ohun tí kò ní ni gbogbo ọdún tí ọwọ́ ènìyàn ti fi ń kọjá lára rẹ̀. Etí rẹ̀ ṣì mú. Ìdí nìyí tí ó fi ń ha á.

Nígbà tí oòrùn yí sí apá pálọ̀, ó gbé òkúta sílẹ̀. Ó di ojú, ó tọ ògiri lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró níbì kankan.

Ó dìde, ó yí ilé ká fún ìgbà ìkẹyìn. Àwọn àga onígi tí ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ti gba tìmùtìmù tuntun aláwọ̀ ọsàn. Rédíògírámù gígùn tó ti di àpótí ìkóǹkan-sí ti ń kọrin padà. Kò gbé ohun kankan sí ibi tó kàn wù ú. Àmì tí ẹsẹ̀ àga ti fi sára tẹ́ráásò láti ìgbà pípẹ́ ni ó wá rí, ó sì dá olúkúlùkù padà sí àyè rẹ̀. Oòrùn gba inú ògiri oníhò wọlé, ó da ewé mẹ́rin-mẹ́rin sílẹ̀ káàkiri. Orí rẹ̀ wú. Ó jẹ́ kó wú díẹ̀, kó tó wá ìgbálẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Bàbá Bíríkìlà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "bí ọwọ́ Màmá bá kọjá ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ẹyin lohùn o. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ni."

"Ẹ̀yin náà! Ẹ fẹ́ràn fífọ́ jù."

Fèrè mọ́tò dún lójúde.

Àrẹ̀mọ ló kọ́kọ́ wọlé, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àńtí. Ó mọ́ o. Ṣùgbọ́n ó ṣì rẹlẹ̀."

"Ẹ ṣé o."

Màmá Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tín-ín-rín, ó nà ró bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ kú ilé. Ó tó. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ilé mi."

Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

"Áà," ó wí. "Ilẹ̀ mi nìyí. Ilẹ̀ tó tutù yìí ni mo tẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibí bí ìyàwó. Ta ló kó táìlì játijàti yẹn kúrò?"

"Màmá, ẹ rọra, ó ń yọ̀," ni Àrẹ̀mọ wí.

"Ìwọ ni wàá yọ̀. Ṣé o fẹ́ kí n máa fò ni?"

Ó fi ìbàdí kan apá àga, ó yà fún un bí ó ṣe máa ń yà fún un. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sí ògiri. Bàbá Bíríkìlà di ẹ̀yìn fìlà rẹ̀ mú. Ọwọ́ arúgbó náà ń lọ jẹ́jẹ́, ìka ń wọ ihò, ìka ń jáde. Ó dé ibi tuntun. Kò dúró. Ó kọjá rẹ̀ pátápátá. Àfi bí ó ṣe dúró lójijì níwájú, lórí búlọ́ọ̀kù tí òòlù kò kàn rárá.

"Kí ló ṣe ibí yìí? Ọ̀dà kan ṣàn síbí tẹ́lẹ̀, ó gbẹ bí omijé. Ọwọ́ mi máa ń kọ lù ú. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Àrẹ̀mọ gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ ò rí i? Mo sọ ọ́! Ilé ti yàtọ̀. Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Dákẹ́. Bàbá rẹ ló da ọ̀dà yẹn síbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó ha á kúrò, ó ní lọ́la. Bí ọ̀la yẹn ti wá dé lónìí, ìwọ ní ká máa lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó fọwọ́ gbá férémù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Mo dé," ó wí.

Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu Bàbá Bíríkìlà. Ṣùgbọ́n Àńtí Má-wó-o kò tíì kúrò nídìí ògiri. Iṣẹ́ tó dára jù lọ tí ọwọ́ rẹ̀ tíì ṣe wà lára ògiri yẹn. Bí ó bá dákẹ́, irọ́ ni ògiri náà yóò máa pa títí ayé. Kò ní jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀."

Bàbá Bíríkìlà wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Àńtí Má-wó-o kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó mú ọwọ́ Màmá, ó gbé e lé ògiri.

"Láti ibí dé ibí, ó fọ́. Mo fi iṣẹ́ rán ènìyàn, n kò wo ọ̀rọ̀ mi wò, wọ́n sì gbọ́ òdìkejì rẹ̀. Èyí tí ẹ ń fọwọ́ kàn yìí, tuntun ni."

"Òòlù mi ni, Màmá," ni Bàbá Bíríkìlà wí.

"Ọ̀rọ̀ mi ni."

"Wọ́n fọ́ ọ!" Àrẹ̀mọ pàtẹ́wọ́. "Màmá, ẹ gbọ́ tẹnu wọn? Àdéhùn wa ńkọ́?"

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì wá inú ògiri, òkè àti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun aláìsàn.

"Tuntun dà?"

"Ibi tí ìka kékeré yín wà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Irọ́."

"Òótọ́ ni, Màmá."

Ó tún wá a. Ojú rẹ̀ tó ti ṣú ń wo òkè àjà. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sí Àńtí Má-wó-o. "Ẹ fún mi ní ọwọ́ tó ṣe é." Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ náà wò, ó tẹ orí ìka tí òkúta ti bó. "Ẹ fi òróró pa á kí ẹ tó sùn, kí ẹ má fi omi gbígbóná kàn án." Kò tíì fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Mo rán egbò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Egbò tí a bá rán dáadáa, ẹni tó ni ara gan-an á gbàgbé ibi tó wà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rán bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nílé ìwòsàn wa. Èmi wà lára wọn." Ó yíjú. "Àrẹ̀mọ."

"Mà."

"Àdéhùn wa ni pé bí ọwọ́ mi bá mọ ilé. Lọ gbé àpótí mi wá nínú mọ́tò."

"Màmá, ṣùgbọ́n..."

"Méjèèjì."

Àrẹ̀mọ jáde lọ, kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

Àńtí Má-wó-o nu òkúta, ó nu ìwọ̀n, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò. Bàbá Bíríkìlà gbé àkàbà lé èjìká. Wọ́n kí Màmá, Màmá sì kí wọn títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti yà fún Àrẹ̀mọ, tó ń mí hẹlẹ pẹ̀lú àpótí ńlá lọ́wọ́ kan àti kékeré lọ́wọ́ kejì.

"Ọ̀gá," ni Bàbá Bíríkìlà wí nígbà tí wọ́n bọ́ sójúde, "ẹ ò tilẹ̀ bẹ̀rù."

Ohùn Màmá ń bọ̀ láti inú ilé, ó ròkè, ó le:

"Bọ́ bàtà rẹ! Ilẹ̀ tí wọ́n dán báyìí, o ń fi bàtà gún un!"

Àńtí Má-wó-o gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì ń lọ.