Ẹ Kú Oríire Ṣọ́ọ̀bù

"Ṣọ́ọ̀bù táyà yẹn kì í ṣe tèmi," ni Mọ́ṣúdù wí, ó sì gbé ọwọ́ lé Alùkùránì tó wà lórí tábìlì. "Nasir àbúrò mi ló ni ín. Ọmọṣẹ́ lásán ni mí níbẹ̀. Ohun tó bá wù ú ló ń fún mi."

Gbogbo ojú yí sí Nasir. Bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn ní Dùgbẹ̀, bi í bóyá òótọ́ ni, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Islamiyat, ìyàwó Mọ́ṣúdù àtijọ́, ló pe ẹjọ́ náà. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí Mọ́ṣúdù ṣí ṣọ́ọ̀bù náà ní Challenge. Ó tilẹ̀ ta yẹtí góòlù rẹ̀ kún owó tí wọ́n fi gbà á. Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, súìtì ọdún Iléyá nìkan ni Safiyyah, ọmọ tí wọ́n jọ bí, ń rí gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lé ọmọ náà kúrò ní kíláàsì nítorí owó ilé-ìwé.

"Owó ọmọṣẹ́ kò pọ̀, Ìyá Safiyyah," ni Ìyáàfin Ọ̀ṣuntóyìn wí. "Ohun tí apá rẹ̀ bá ká la lè ní kó san."

Iye tó dá lé e kò lè ra bàtà ilé-ìwé. Mọ́ṣúdù wo Islamiyat, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ká ní kò rẹ́rìn-ín ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀.

"Mo gbà, mà," ni Islamiyat wí. "Bí wọ́n bá ní Nasir ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló ni ín nìyẹn. Gbogbo wa la gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó wé gèlè tó fi ń lọ síbi ìkómọ, ó gbé páálí mọ́ọ̀tì kan sínú kẹ̀kẹ́, ó di Challenge. Ọ̀dọ̀ Àlàájì Àyàndìran, alága àwọn onítáyà, ló kọ́kọ́ yà sí. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ wá bá wa yọ̀, Àlàájì. Mọ́ṣúdù ti sọ ṣọ́ọ̀bù di ti Nasir. Ó fi Alùkùránì búra níwájú ìjọba lánàá. Ó ní ọmọṣẹ́ Nasir lòun."

"Mọ́ṣúdù náà?" Àlàájì dìde. "Ọmọ ìyá dáa o. Ó yẹ ká ṣàdúrà sí i."

Ká tó wí, ká tó fọ̀, gbogbo ìlà àwọn onítáyà ti gbọ́. Wọ́n rọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kí Nasir kú oríire, wọ́n ń gbá Mọ́ṣúdù léjìká, wọ́n ń yìn ín pé èèyàn bíi tirẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́ láyé. Táyà ọkọ̀ kan ló ń tú lọ́wọ́. Kí ló fẹ́ sọ? Pé òun búra èké? Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Àlàájì ṣàdúrà títí, Mọ́ṣúdù ń ṣe àmín, òógùn sì bò ó.

Islamiyat fúnra rẹ̀ ló gbé mọ́ọ̀tì fún un. "Gbà, mu," ló wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù.

Lẹ́yìn náà, ó fa Nasir sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọkọ mi kékeré, láti ìgbà tó o ti ń yí táyà fún un, ṣé o gba owó oṣù rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ fún ọ, èmi kọ́. Owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ ni mo fẹ́. Ìyókù, ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Nasir bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó ń pè é ní ọ̀gá. Títí di àárọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n máa ń ní òótọ́ á lé irọ́ bá. Irọ́ ti Mọ́ṣúdù ò sá fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sí Challenge, ó ń dàgbà. Nígbà tí owó ilé pé, ọwọ́ Nasir ni onílé ti gbà á. Ọ̀dọ̀ Nasir làwọn oníbàárà ń lọ dúnàá-dúrà. Bí oṣù bá sì ti parí, owó Safiyyah á wọlé. Nasir tilẹ̀ fi bàtà ránṣẹ́ sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Mọ́ṣúdù wá kan ilẹ̀kùn ní Àgbowó. Islamiyat ṣí i díẹ̀, ó dúró sẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Safiyyah, dákun," ni Mọ́ṣúdù wí. "Owó ọmọṣẹ́ ni Nasir ń fún mi. Lánàá, ó ní mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Tẹ̀lé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá wẹ́fíà yẹn, kí n jẹ́wọ́. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, ìwọ náà mọ̀. Iye yòówù kí wọ́n bù lé mi, màá san án."

Ọ̀rọ̀ tí Islamiyat ń wá lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pè é lẹ́jọ́ nìyẹn. Bó bá ní ó dáa, ọ̀la ni wọn á lọ. Ó rò ó wò. Ẹ̀rín ọjọ́sí ló rántí.

"Ìwọ lo búra," ló wí. "Bí owó oṣù rẹ ò bá tó ọ, ọ̀gá rẹ ni kó o lọ bá."

Ó ti ilẹ̀kùn. Safiyyah, tó ń nu bàtà tuntun rẹ̀ nínú yàrá, gbójú sókè.

"Mọ́mì, ta ló kanlẹ̀kùn?"

Islamiyat dúró títí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà fi jìnnà nínú òjò.

"Ọmọṣẹ́ Ọ́ńkù Nasir ni."