Alẹ́ Tí Mo Pa Iná Bàbá Kérésì Oníke

Bí ẹnì kan bá tún sọ fún mi pé ọkọ mi lẹ́bùn ọnà, màá fi ṣíbí ìdáná gbá a lẹ́nu. Ọnà wo? Ike lásán! Bàbá Kérésì oníke, àgbọ̀nrín oníke, àbẹ́là oníke tó ga jù mí lọ, gbogbo wọn ló ní gílóòbù nínú ikùn, wọ́n tò lọ rẹrẹ níwájú ilé wa ní Ohio. Lọ́dọọdún ni Delbert ń ra kún un, torí pé Hruska tó ń gbé òdìkejì títì ń ra kún tirẹ̀.

Kí wọ́n máa bára wọn díje, kò kàn mí. Ohun tó kàn mí ni fíúsì. Bí mo bá ti tan ààrò oníná mànàmáná nígbà tí iná àwọn ike yẹn bá ń tàn, fíúsì á jó, ilé á ṣókùnkùn biribiri.

Ọdún yìí kì í sì í ṣe ọdún àwàdà. Arlene, àbúrò mi, ń bọ̀ wá bá wa jẹun alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì. Ọjọ́ tí a sin ìyá wa ni mo lé e, tí mo ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Ọdún mẹ́fà rèé. Èmi fúnra mi ni mo fi fóònù bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á gbìyànjú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fíúsì tún jó. Tòlótòló ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Delbert! Lọ pa iná àwọn òrìṣà ẹ yẹn!"

"Ìyàwó mi, gbogbo àdúgbò ló ń wá wò ó."

"Ṣé àdúgbò ló máa bá mi jẹ tòlótòló tútù?"

"Hruska á sọ pé mo sá fún òun."

"Kó máa sọ ọ́ títí di Àjíǹde!"

N kò bá a jiyàn mọ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀, mo jáde sínú yìnyín, mo fa gbogbo wáyà tu. Mo pa iná ẹnu ọ̀nà àti ti pálọ̀ mọ́ ọn, kí n má baà tún gbúròó fíúsì. Mo pààrọ̀ fíúsì tó jó, mo wá padà sí ilé ìdáná lẹ́yìn ilé. Kò pẹ́ tí tòlótòló fi ń ta sánsán. Ọkàn mi balẹ̀.

Delbert yọjú. "Mọ́tò kan dúró níwájú ilé. Ó ti lọ o."

"Àwọn aláìníṣẹ́ tó ń wá wo ike ni," ni mo wí. Inú mi dùn pé wọn ò rí nǹkan kan wò.

Fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé epo ni mo wà. Mo dé ọ̀dọ̀ yín. Gbogbo ilé ló tanná, àfi tiyín. Ó ti yé mi pé ẹ ò fẹ́ mi níbẹ̀."

"Arlene, rárá o! Nítorí tòlótòló ni!"

"Tòlótòló?" Ó rín ẹ̀rín tí kò dénú. "Ẹ ò yí padà rárá." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Delbert! Tan wọ́n! Tan gbogbo wọn!"

"Tòlótòló ńkọ́?"

"Jẹ́ kó tutù!"

Mo sáré jáde láìwọ kóòtù, mo dúró láàárín àwọn ike tó ń tàn yòò. Mọ́tò tó bá ti dín eré kù, màá juwọ́ sí i, bóyá Arlene ni. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ á juwọ́ padà, wọ́n á wo ike dáadáa, wọ́n á sì kọjá lọ.