Sátidé Kẹta

"Ẹ tún un yí," ni Alága wí.

Adégbóyèga yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jíìpù náà wúkọ́ bí àgbàlagbà tí otútù mú, ó mí hẹlẹ, ó tún mí hẹlẹ, ó dákẹ́. Èéfín kankan kò yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù," ni Alága tún wí. Bàbá Ògúnrìndé ni Alága yìí, awakọ̀ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, ó sì gbé aago ọwọ́ rẹ̀ lé orúnkún bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń ṣèdánwò.

Àgbàlá ṣọ́ọ̀bù Waheed mẹkáníìkì ní Adigbe ni wọ́n jókòó sí, àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀-Mẹ́rin. Ara ọkọ̀ wọn lorúkọ ẹgbẹ́ ti jáde: jíìpù àtijọ́ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jọ ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọ́n lọ́jà ju ojú lọ. Ohun tó jẹ́ kí tiwọn ṣì máa rìn ni pé ẹni tó ní méjì ń fún ẹni tí kò ní, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ara ọkọ̀ tó bá kú ni wọ́n sì ti ń rí ohun tí wọ́n ń fún ara wọn. Òfin wọn kò ní kọ̀rọ̀: ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Sátidé mẹ́ta tó tẹ̀ léra, òkú ni, wọ́n á sì tú u pín kí oòrùn tó wọ̀. Àfi bí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ bá dìde tó ní, "Mo dúró fún un." Ọ̀rọ̀ kan yẹn ń ra oṣù mẹ́fà fún ọkọ̀.

Adégbóyèga, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin náà sínú ìwé. Akọ̀wé náà ni ní ọ́fíìsì ìjọba n'Ìbarà, ìwé kíkọ kò ni í lára. Òní sì ni Sátidé kẹta ọkọ̀ tirẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá Waheed níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Waheed, ọmọ dáadáa. Pọ́ǹpù dísẹ́lì kan péré ni. Mo ń wò ó lórí pẹpẹ rẹ láti ibí."

"Ojú yín ṣì dáa, Bàbá Moyin. Kí Ọlọ́run má gba ojú náà lọ́wọ́ yín." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín.

"Mo ti wá a dé ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. Wọ́n ní irú rẹ̀ ti tán."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fi aṣọ wé tèmi."

"Ṣé o kò ní fún mi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, fífúnni kì í ṣe dandan. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Waheed fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tayín díẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì yín ṣì le koko. Pọ́ǹpù mi àti ẹ́ńjìnnì yín, abẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì tèmi ni wọ́n á ti pàdé."

Adégbóyèga dọ̀bálẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ó nà gbalaja síwájú ẹni tó lè bí, lórí ilẹ̀ tí òróró ọkọ̀ ti rin gbingbin.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n, aṣọ yín," ni Waheed wí. "Ìyàwó yín tí ì bá fọ̀ ọ́ kò lè fọ nǹkan mọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú Priscilla, aya Adégbóyèga, lápá kan lọ́dún tó kọjá. Ilé wọn wà lórí òkè lẹ́yìn Ìjẹmọ̀, níbi tí àgbàrá ti jẹ ojú ọ̀nà títí dé eegun àpáta. Takisí kì í gùn ún, ọ̀kadà kò sì ṣeé gbé e lé. Jíìpù yìí nìkan ló ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìrìn. Nígbà tó lọ gbẹ̀yìn, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìgbésẹ̀ márùn-ún, nọ́ọ̀sì sì pàtẹ́wọ́ fún un bí ọmọ ọwọ́. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí ó bá fi oṣù kan jókòó, ẹsẹ̀ náà á gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ. Ní Ìṣẹ́gun tó kọjá, Adégbóyèga pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Wọn kò tíì dé ìdajì òkè tí àwọn méjèèjì fi ṣubú. Priscilla kò sunkún. Ó kàn ní, "Bàbá Moyin, ẹ gbé mi padà."

"Ta ló dúró fún ọkọ̀ Akọ̀wé?" ni Alága bèèrè.

Ọ̀kan ń wo táyà jíìpù náà, ó ń fi àtàǹpàkò wọn bó ṣe jinlẹ̀ tó. Èkejì ti ń wo iná iwájú. Olúkúlùkù ti yan tirẹ̀ nínú ọkàn; ẹni tó bá sì dúró, ó ti gba àwo lọ́wọ́ ara rẹ̀ àti àwọn yòókù. Ẹ̀gbá ní bí ẹran bá wà ní ìkòkò, a kì í gbọ́ ohùn ẹni tó ní kí wọ́n pa iná.

"Ìyá Àlímátù kò tíì sọ̀rọ̀," ni ẹnì kan wí.

Gbogbo ojú yí sí Asiata. Aláró ni obìnrin yìí ní Ìtòkú, aró kò kúrò léèékánná rẹ̀ rí. Orí àga Láwàlì ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló jókòó sí, nítorí àga ẹgbẹ́ kì í ṣófo bí ilé kò bá tú.

Èṣí ni Láwàlì kú. Asiata wọlé opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí, kò gbọdọ̀ jáde. Jíìpù ọkọ rẹ̀ dúró sínú àgbàlá, kò sẹ́ni tó máa tan án. Ní Sátidé kẹta, ó rán Àlímátù ọmọ rẹ̀ sí ẹgbẹ́. "Ìyá mi ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́ bá òun dúró. Bí òun bá ti jáde opó, ẹ máa gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà." Àwọn ẹgbẹ́ wo ojú Adégbóyèga, nítorí òun àti Láwàlì ni kòríkòsùn. Àmọ́ gíà ọkọ̀ Adégbóyèga ti ń yọ̀ nígbà náà, ti Láwàlì sì dà bí tuntun. Ó wo ọmọbìnrin náà, ó wo ìwé. Ó ní, "Òfin kò mọ opó."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n lọ. Wọ́n kí Asiata láti ìta fèrèsé, wọ́n ní kí Ọlọ́run tù ú nínú, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n ki ọkọ̀ náà, wọ́n sì tú u nídìí fèrèsé rẹ̀. Gíà kan Adégbóyèga. Pọ́ǹpù kan Waheed. Obìnrin náà wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó ń gbọ́ ìró òòlù.

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà.

"Ìyá Àlímátù," ni Adégbóyèga wí. Kò lè fi kún un.

"Akọ̀wé. Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń mókun?"

"Ó ti ń mókun. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ló gbé."

"Alihamudulilahi. Mo máa ń fi wọ́n sí àdúrà lẹ́yìn ìrun àárọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ pé Asiata kì í purọ́.

"Ẹ gbé ìwé yín," ni Asiata wí. "Ẹ kọ orúkọ mi."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú níbi tó ti ń sáré gbé e. Ó kọ ọ́ gbàgàdà: *Asiata, aya Láwàlì*. "Mo ti kọ ọ́, Ìyá Àlímátù. Kí ni kí n fi tẹ̀ lé e?"

"Gíà."

Bírò dúró.

"Gíà ọkọ mi tó wà nínú ọkọ̀ yín. Mo fẹ́ kó padà sílé kí ẹnikẹ́ni tó mú ohunkóhun."

"Ìyá Àlímátù, ẹ ṣàánú mi. Kì í ṣe torí ara mi ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀."

"Mo mọ̀. Àlímátù náà kò bẹ̀bẹ̀ torí ara rẹ̀." Kò gbé ohùn sókè. "Òfin kò mọ aláìsàn, Akọ̀wé. Ṣé ẹ ti kọ ọ́?"

Bírò tún rìn. "Mo ti kọ ọ́."

Aago méjìlá lù. Alága ṣí fìlà, ó bẹ Ọlọ́run kó má fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni dípò ọkọ̀, wọ́n ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ lé orí bóńẹ́ẹ̀tì, tó sì kì í bí wọ́n ṣe máa ń ki òkú ọkọ̀:

"A-gunkè-má-mí-hẹlẹ,
Àgbàrá pàdé rẹ, ó yà fún ọ,
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kì í tọrọ ọ̀nà,
O gbé aláìsàn sọ̀, o gbé aláìsàn gòkè.
Sùn re. Ilẹ̀ kò ní jẹ ara rẹ,
Àwa la ó jẹ ọ́ tán."

Waheed fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀ tòun ti sípánà. Ó fà títí, gíà kò mira. Ó mú òòlù. Gbàmù. Gbàmù.

Adégbóyèga jókòó pẹ̀lú ìwé lórí itan. Ó mọ ohun tó há a. Òun fúnra rẹ̀ ló so gíà náà mọ́ ibẹ̀ léṣìí, bóòtù kan sì wà lókè tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè rí. Bí Waheed bá fi òòlù náà lù ú bí ìgbà mẹ́ta sí i, ìkarahun gíà á là, kò ní wúlò fún aya Láwàlì, kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni láyé. Kò ní ohunkóhun í ṣe ju kó dákẹ́ lọ.

Gbàmù.

Ó wo Asiata. Ní gbogbo ìgbà tí òòlù bá dún, èjìká obìnrin náà ń mì díẹ̀, bíi tẹni tí wọ́n ń lù láti ẹ̀yìn aṣọ.

Gbàmù.

Adégbóyèga pa ìwé dé. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi í kọ́ ilẹ̀kùn jíìpù.

"Waheed, má lù ú mọ́. Jáde."

"Kí ló dé? Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́."

"O fẹ́ fọ́ ọ. Bóòtù kan wà lókè."

"Ẹ fi hàn mí."

"Kò ṣeé fi hàn. Ọwọ́ tó dè é ló mọ̀ ọ́n."

Ó gba sípánà, ó sùn sẹ́yìn lórí páálí, ó fara wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan ló ń rí. Bàtà aláró kan rìn wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

"Ẹ rọra ṣe é, Akọ̀wé."

"Mo gbọ́, Ìyá Àlímátù."

Bóòtù náà yí. Nígbà tí gíà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì fi àyà rẹ̀ gbà á, kó má bàa kan ilẹ̀.