Ọkọ̀ Tó Ń Sùn Lábẹ́ Omi

Ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà: aránṣọ inú ìtàn yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Èèyàn burúkú ì bá ti fi ọkọ̀ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ síbi tó bá a, ọkọ̀ náà ì bá sì wà lódindi dòní. Oore lòun fẹ́ ṣe.

Atukọ̀ ni ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kò tóbi, ara igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, èèyàn méjì ló sì ń gbà. Nígbà tí àìsàn kọlu obìnrin náà tí apá òsì rẹ̀ rọ, tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, aránṣọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ní kóun lọ wo ọkọ̀. Abẹ́ omi ló bá a, òkúta kún inú rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ àdúgbò ti tún ṣe tiwọn. Ó bẹ wẹ́dà tó wà lódìkejì títì, àwọn méjèèjì kó òkúta dànù, wọ́n wọ́ ọkọ̀ gòkè, wọ́n sì gbé e síta gbangba kí oòrùn lè mú un gbẹ. Ó tiẹ̀ ra ọ̀dà, kí ìyá lè bá a ní tuntun.

Bẹ́ẹ̀ ìyá fúnra rẹ̀ ló kó òkúta yẹn sínú ọkọ̀, lọ́jọ́ tó rí i pé ara òun ò fẹ́ yá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò bá ní ẹni tó máa wà á, abẹ́ omi ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, torí bí igi rẹ̀ bá gbẹ, yóò là. "Ọkọ̀ ń sùn" ni wọ́n máa ń sọ nílé wọn. Láti kékeré ni aránṣọ ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde. Aṣọ ló mọ̀, kò mọ igi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìró pá lẹ́yìnkùlé. Igi ti là níwájú, ìlà tín-ín-rín tí èékánná ò lè wọ̀. Ó fa tapólì bò ó, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá padà dé. Nọ́ọ̀sì kan ń wá sílé wá tọ́jú apá rẹ̀, ọmọbìnrin tó ní sùúrù tí ẹnu rẹ̀ sì dùn.

"Mama, ẹ jẹ́ ká gbé apá yìí sókè."

"Kí n gbé e sókè kí n fi ká kí ni?"

Nọ́ọ̀sì ro ó, ó lọ yọ igi mọ́ọ̀pù wá, ó sì fi lé e lọ́wọ́. "Àjẹ̀ yín rèé. Ẹ wa ọkọ̀ fún mi."

Ojú ìyá là. "Irú wíwà wo lo fẹ́? Wà-gbọọrọ wà, ìyẹn fún ìgbà tí odò bá fẹ̀ tí o ò sì kánjú. Wà-ṣókí wà, fún omi tó ń bínú. Fà-mọ́ra, kí ọkọ̀ lè sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ. Tì-dànù, kó lè sá fún òkúta. Dúró-wòye, o kàn máa ti àjẹ̀ bọ omi ni, o ò ní mì."

"Ta ló sọ wọ́n lórúkọ báyẹn?"

"Ìyá mi ni. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ ló ń pè é, ẹni iwájú á sì ṣe é. Ẹni iwájú kì í bojú wẹ̀yìn o. Tó bá wẹ̀yìn pẹ́rẹ́n, ọkọ̀ á fì."

"Mama, mi ò mọ̀wẹ̀ o."

"Jókòó jẹ́ẹ́. O ò ní rì sínú pálọ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni igi mọ́ọ̀pù ń lọ tó ń bọ̀ ní pálọ̀, tí aránṣọ sì tẹrí sórí ẹ̀rọ rẹ̀ nítòsí fèrèsé. Bí ìyá bá ti sinmi, á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé omi ṣì bò ó?"

"Ó bò ó dáadáa, Màámi."

Ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Ó rán apá ọ̀tún ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan sí òsì, oníbàárà náà sì bi í bóyá ẹ̀yìn lòun ó máa rìn sí. Láràárọ̀ ló ń ká tapólì sókè wò. Ìlà náà ti gba èékánná, ó gba ìka, ó wá gba àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó sì burú jù ni pé apá ìyá ń yá. Inú gbogbo ilé ń dùn, tiẹ̀ nìkan ni kò dùn, ó sì ń tijú pé kò dùn.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ní, "Mama, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi pẹ̀lú yín la jọ máa rìn lọ sódò."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Aránṣọ dìde nídìí ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ. "Màámi, ọkọ̀ ò sí nínú omi mọ́." Ó wá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: òkúta, wẹ́dà, oòrùn, títí kan ọ̀dà.

Ìyá ò pariwo. "Nígbà tó o kọ́kọ́ rí i, báwo ni ìlà yẹn ṣe tó?"

"Èékánná ò lè wọ̀ ọ́, Màámi."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"Ó ti là já."

Ìyá gbé igi mọ́ọ̀pù lé itan. "Èyí tí èékánná ò lè wọ̀, omi ló ń dí i. Ká ní o dá a padà sínú omi lọ́jọ́ yẹn, igi á wú, á sì panu dé. Ká ní o sọ fún mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, mi ò kú." Ó wo ojú fèrèsé. "Oòrùn kọ́ ló pa ọkọ̀ mi."

Aránṣọ ì bá fẹ́ kó gbá òun létí. Nọ́ọ̀sì rọra kó ẹrù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ní, "Mama, wà-gbọọrọ." Ìyá ò mira. "Kí ni mo fẹ́ wà?" ló sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì fa aránṣọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ gbọ́ o, bùrọ̀dá. Apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá, tí a ò bá lò ó, á padà rọ ni. Kò sì dájú pé á tún jí."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó ti ba ọkọ̀ jẹ́, ó tún fẹ́ ba apá jẹ́. Ó ti bẹ ìyá títí ẹnu fi gbẹ, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó kù. Ó lọ yọ igi ìgbálẹ̀ gígùn kan, ó gbé àpótí ìjókòó síwájú àga ìyá, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó na igi sí ẹ̀gbẹ́, ó sì dúró.

Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro aránṣọ. Ó ń wù ú kó wo ojú ìyá rẹ̀, kó mọ̀ bóyá inú ṣì ń bí i, àmọ́ ẹni iwájú kì í bojú wẹ̀yìn.

"Àjẹ̀ ẹ ga jù," ìyá sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Sọ ọ́ kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Wà-ṣókí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Kò mọ̀ bóyá ìyá náà ń fi apá rẹ̀ wa igi mọ́ọ̀pù lẹ́yìn òun, omijé sì ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn.