Ilé Fèrèsé Méje

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n gbàgbé láti sọ fún wa ni ohun tí onílé yóò ṣe bí ilé fúnra rẹ̀ bá ti re àjò.

Ọmọ Pópó Àgùdà ní Èkó ni ọkọ mi, Alhaji Moshood. Láti ọdún 1995 tí a ti sá fún àwọn ṣọ́jà wá sí Toronto, kò tíì padà débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kò fi ẹnu dé ibẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́ ní Scarborough, á mi orí. "Nígbà tiwa ní Èkó, bọ́ọ̀sì la fi ń to aago." Bí yìnyín bá bọ́, á ní atẹ́gùn Marina nìkan ni oògùn òtútù. Bí mo bá se ẹja, á ní ẹja Èkó máa ń kí èèyàn kó tó wọ ìkòkò. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tó gbé e lọ síbi iṣẹ́ fún ogún ọdún níbí, wọ́n ti pa á tì. Kò fi omijé kan sin ín. Omijé rẹ̀ ti bá Èkó lọ.

Èmi ọmọ Ìbàdàn, mo wá mọ Èkó ọkọ mi ju ilé bàbá mi lọ. Ìlú tí kò ní ẹ̀fọn. Ìlú tí ọlọ́pàá ń kí ọ kó o tó kí i. Díẹ̀ ló kù kó di àlùjáńnà, astagfirullah.

"Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n!" ni á máa ké bó bá ń fá irùngbọ̀n. "Èkó ò ní bàjẹ́ o!"

Èmi á dáhùn láti kíṣìnnì: "Ó bàjẹ́ tì!" Àdúrà ni mo ń ṣe, ohùn mi ni kò jọ àdúrà.

Lọ́dún 2011 tí mo lọ sin ìyá mi, mo gba Èkó kọjá, mo sì sọ ohun tí mo rí fún un. Ó ní pápákọ̀ òfúrufú kọ́ ni Èkó.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, Alhaji ní ó tó gẹ́ẹ́: a ó ta ilé wa ní Scarborough, a ó padà sí Ilé Fèrèsé Méje, ilé tí bàbá rẹ̀, Sàlísù Káfíńtà, fọwọ́ ara rẹ̀ kan fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti pe Ṣíwọlá, ọmọkùnrin kan ní Mississauga tó ń bá èèyàn ta ilé. Ọjọ́ Ajé ni Ṣíwọlá ń mú ìwé bọ̀ ká wá bu ọwọ́ lù ú. Ilé tí mo fi ọdún mẹ́tàlélógún wẹ arúgbó oníarúgbó san owó rẹ̀ kó tó di tiwa. Ilé tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń sáré wọ̀ bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé.

"Bàbá Fareedah," mo ní, "ṣé ẹ ti rí ilé tí à ń lọ yẹn láìpẹ́ yìí?"

"Ìyá Fareedah, ṣé èèyàn máa ń béèrè bóyá oòrùn ṣì wà ni?"

Ọlọ́run tí kì í sùn ló bá mi dá sí i. Iṣẹ́ rán Fareedah, àkọ́bí wa, lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí a gbé e kúrò níbẹ̀. Inú Alhaji dùn, ó jókòó, ó kọ àpèjúwe ilé náà sínú ìwé, ojú ewé méjì gbáko, kò sí nọ́ńbà ilé, kò sí orúkọ òpópónà. Ó ní ọmọ Èkó kì í fi nọ́ńbà wá ilé. Ó ní kí Fareedah fi fídíò pè wá lórí fóònù kó máa rìn, kí èmi aláìgbàgbọ́ lè fojú ara mi rí i.

Láàárọ̀ Sátidé, a gbé fóònù ti agolo mílíìkì. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ Fareedah.

"Bẹ̀rẹ̀ láti Marina," Alhaji pàṣẹ. "Jókòó sábẹ́ igi, kí atẹ́gùn ọ̀sà kọ́kọ́ fẹ́ sí ọ."

"Daddy, kò síbi ìjókòó. Afárá ló wà lórí mi. I can't see any water."

"Omi wà níbẹ̀. Ibo ni omi fẹ́ lọ?"

"Bóyá ó ti gba físà Canada," mo ní.

Alhaji wo àpèjúwe rẹ̀. "Yà sọ́wọ́ ọ̀tún níbi ilé sinimá."

"Sinimá wo? Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń wò."

"Wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà."

"Ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ni, Daddy."

"Igi fúrúùtù ńlá kan ń bẹ níwájú, tí ogún èèyàn lè jókòó sábẹ́ rẹ̀."

"Kò sí igi. Jẹnẹrétọ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n tó ogún lóòótọ́."

"O ti ṣìnà. Padà sẹ́yìn!"

Ó padà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo ọmọ mi nínú oòrùn, tó ń wá Èkó ìgbà èwe bàbá rẹ̀, ọdún 1964, kiri.

Ohùn ọkùnrin àgbàlagbà kan wá dún láàárín àwọn jẹnẹrétọ̀ náà. "Ọmọ, kí lò ń wá tó o ń lọ tó o ń bọ̀?"

"Ẹ káàsán, sà. Igi fúrúùtù ni."

"Èyí tí a ti fi dáná tipẹ́tipẹ́? Ta ló rán ẹ?"

"Daddy mi ni. Canada ni wọ́n wà."

"Mo mọ̀. Àwọn ará Canada nìkan ló ṣì ń rí igi yẹn."

Lójú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Fareedah yí fóònù sí i. Ó sún mọ́ ọn, ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tẹjú.

"Eéṣú? Moshood Eéṣú, ọmọ Sàlísù Káfíńtà?"

Alhaji dìde dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní ilé kéú. "Zakariyya!"

Orí ẹní kan náà ni wọ́n ti jọ kọ́ Kùránì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ọkọ mi ní Eéṣú. Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni Zakariyya ń ṣe báyìí, yàrá ìsàlẹ̀ Ilé Fèrèsé Méje ló sì ń gbé. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Fareedah, ó rìn díẹ̀, ó gbé e sókè.

Ilé náà ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé mẹ́rin, wọ́n fi páànù bo méjì. Ọ̀kan péré ló kù, tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ méjì sí, wọ́n ń wo ara wọn. Àmì pupa kan wà lára ògiri, ó ga tó èèyàn.

"Kí ni pupa yẹn?"

"Àmì ìjọba ni. Ìjọba rántí ilé yín jù yín lọ. Bí òjò bá tán, wọ́n á wó o."

"Ta ló jẹ́ kó dà báyìí?" Alhaji ké mọ́ fóònù.

"Ó ń béèrè ta ni!" Zakariyya rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Eéṣú, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gbé ike gba òjò lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Èkó jù, ẹ kó ìfẹ́ náà lọ. Àwa tí a kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ la dúró tì í."

"Mò ń padà bọ̀, èmi àti ìyàwó mi."

"Káàbọ̀. Gbé ike tìrẹ dání."

Láti ọjọ́ tí Fareedah ti gbéra ni mo ti ń fi ẹ̀rín kan pamọ́ de wákàtí yẹn. Mo wá a títí, bí Fareedah ṣe wá igi. N kò rí i. Alhaji jókòó, ó ká àpèjúwe rẹ̀ sí mẹ́rin, ó fi sábẹ́ agolo mílíìkì.

"Sọ fún Ṣíwọlá kó má wá mọ́," ó ní.

Mo ṣe alhamdulillah nínú, kò dùn lẹ́nu mi bí mo ṣe rò.

Ó ń wo àwọn ẹyẹ náà. "Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ mí lórúkọ ni bàbá mi gbẹ́ ìyẹn," ó ní. Ó ti fóònù sí ọ̀dọ̀ mi. Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ Èkó láìsinmi.

Mo gba fóònù.

"Bọ̀dá Zakariyya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ fèrèsé ẹlẹ́yẹ yẹn, kí Fareedah gbé e bọ̀ wá sílé."