Kóró Kan, Ihò Kan

2.
…ẹ̀n-ẹ́n, fóònù ló gé mi lẹ́nu. Àbúrò mi, sọ fáwọn ọmọ kíláàsì rẹ pé ẹgbẹ́ àgbàdo yẹn ò tọ̀dọ̀ ọmọdé bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn bàbá wa ni tíṣà wa kọ́kọ́ gbé irúgbìn àgbàdo tuntun lọ bá. Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀. Bàámi ní, "Ọwọ́ tó rọ̀ bí òwú yìí ló fẹ́ kọ́ mi lóko?"

Ni tíṣà bá kó o fún àwa ọmọ.

3.
Ìwé ẹnu ilẹ̀kùn kíláàsì:

ẸGBẸ́ ÀGBÀDO ÀWỌN ỌMỌDÉ
Ọmọ kan, ebè mẹ́wàá.
KÓRÓ KAN, IHÒ KAN.
Ọwọ́ àgbà ò gbọdọ̀ kàn án.

4.
BÀÁMI: Kóró kan? Ẹyẹ ńkọ́? Eku ńkọ́?
ÈMI: Tíṣà ní—
BÀÁMI: Mẹ́rin là ń gbìn nílé yìí. Ọ̀kan fẹ́yẹ, ọ̀kan féku, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fẹ́nu wa.
MÀÁMI: Bàbá wọn, ẹyẹ tiyín mà kúkú ń yó o.
BÀÁMI: Tí ebè mẹ́wàá yẹn bá kùnà, ẹgbẹ́ parí fún un. Oko mi ló ń bọ̀.

5.
Ọjọ́ kẹjọ tí mo gbìn ín. Mo dé ìdí ebè mi.

Mẹ́rin ló hù nínú ihò kan. Mẹ́rin nínú òmíràn. Gbogbo ebè!

Tèmi wà láàárín, mẹ́ta yí i ká. Ipa bàtà rọ́bà wà nílẹ̀, tòsì ti já ní gìgísẹ̀. Ta ni ò mọ bàtà bàámi?

Gbọ́ mi dáadáa o: kò wá bà á jẹ́. Kí ojú má baà tì mí ló ṣe wá.

6.
Mo fà wọ́n tu. Mẹ́ta, mẹ́ta.

Bàámi dúró lẹ́yìn mi.

7.
Ọjọ́ ìkórè. Ebè mẹ́wàá tèmi: agbọ̀n mẹ́ta. Ebè mẹ́wàá nínú oko bàámi: agbọ̀n kan àti díẹ̀.

Ẹ̀rù kankan ò bà mí mọ́. Mo se àgbàdo kan fún bàámi.

"Kò dùn tó tiwa," ó ní.

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún na ọwọ́.

8.
Òjò ọdún kejì. Mò ń gba oko bàámi kọjá, mò ń ka èyí tó hù nínú ihò kọ̀ọ̀kan:

mẹ́rin
mẹ́rin
mẹ́rin
mẹ́rin
ọ̀kan
ọ̀kan
ọ̀kan

9.
ÈMI: Bàámi, àwọn yòókù dà?
BÀÁMI: Ẹyẹ ni.
ÈMI: Ẹyẹ?
BÀÁMI: Ṣé o ò níṣẹ́ lóko tìẹ ni?