Ọwọ́ Ti Kàn Án

Ọdún méjìdínlógójì ni bàbá mi fi jókòó sínú yàrá kékeré lẹ́bàá ojú irin, tó ń fa irin tó ń sọ fún ọkọ̀ kí ó dúró tàbí kí ó kọjá. Kò sí ọkọ̀ méjì tó forí sọ ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Láàárín ọkọ̀ kan sí òmíràn, ó fi ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i kọ́ ara rẹ̀ ní eré ṣẹ́ẹ̀sì, ó sì kọ́ èmi náà nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méje. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ orí pátákó tí ọwọ́ bá kàn gbọ́dọ̀ rìn. Ẹkún kì í dá a padà.

Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ìrántí rẹ̀ yóò máa ṣá lọ, a padà sílé. Ó mú bébà, ó kọ̀wé sí i, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí ṣẹ́ẹ̀sì: "Ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ bá fi pańpẹ́ ẹ̀dà mú mi, kí wọ́n gbé mi lọ sílé àwọn arúgbó. Kí wọ́n má fetí sí ẹ̀bẹ̀ mi." Abẹ́rẹ́ ni ó ń pè mí, nítorí iṣẹ́ ìránṣọ tí mò ń ṣe ní yàrá iwájú.

Pańpẹ́ náà ni ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi. Ọmọ-ogun iwájú ọba mi á bọ́ síwájú ní ojú méjì. Tirẹ̀ á ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yọ ẹṣin, ó yọ ẹṣin. Mo fi ẹṣin jẹ ọmọ-ogun rẹ̀, ó fi ẹṣin jẹ tèmi. Bí mo bá wá fi ayaba halẹ̀ mọ́ ẹṣin rẹ̀, tí ìbẹ̀rù sì mú kí ó fà á sẹ́yìn, ọ̀nà ọba rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ẹṣin tèmi á fò kúrò lójú ọ̀nà, ayaba mi á dojú kọ ọba rẹ̀, bí ó bá sì ṣe ń gba ọba là, ẹṣin mi á jẹ ayaba rẹ̀. Bàbá mi máa ń wí pé, "Ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ rìn, inú kòtò ni yóò ti mọ̀ pé ọ̀nà yàtọ̀."

Nígbà tí ara rẹ̀ dá, kì í dà mí kọ. Ẹṣin apá kejì ló fi ń dáhùn, a ó wọ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ti Sípéènì tàbí ti Ítálì, yóò sì máa ka ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń ka orúkọ ibùdókọ̀. Nígbà tó yá, ti Sípéènì dí. Ti Ítálì tẹ̀lé e. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohunkóhun tí mo bá ṣe. Mo rí i, èmi náà sì yà sí ọ̀nà pẹ̀lẹ́: mi ò jẹ ọmọ-ogun rẹ̀ mọ́, ẹṣin mi kejì ni mo ń yọ, kí ó lè yọ tirẹ̀ láìkó sí pańpẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, tí mò ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé Bàbá ṣì yege.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá mi ṣí gáàsì, kò ṣáná sí i, ó sì lọ jókòó. Òórùn ló gbà mí. Ìṣáná ti wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fọ́ọ̀mù ilé àwọn arúgbó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wẹ́dà ni, kò mọ ẹṣin yàtọ̀ sí ewúrẹ́ lórí pátákó wa.

"Ṣé lóòótọ́ lo máa ń dẹ pańpẹ́ yẹn fún un?"

Mo nawọ́ gbé àpótí ṣẹ́ẹ̀sì.

"Ó dáa. Tílé bá jó tán, ẹ jọ máa ta á nínú eérú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n mí."

"Ìyẹn gan-an ni gáàsì ò ní jẹ́ kó o ṣe."

Mo to àwọn ọmọ sórí pátákó. Bàbá mi jókòó, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Abẹ́rẹ́, ta ni káfíńtà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá."

"Ó sanra."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọmọ-ogun, ọmọ-ogun. Ẹṣin, ẹṣin. Mo jẹ, ó jẹ. Mo gbé ayaba síwájú ọba mi. Bàbá mi nawọ́ kíá, ó di ẹṣin rẹ̀ mú, ó sì dúró. Ó wo ayaba mi, ó wo ọba rẹ̀, ó wá wò mí. Ó ti rí i.

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún un rò."

"Ọwọ́ ti kàn án. Ibi yòówù tó bá lọ, eré ti parí."

"Kò sẹ́ni tó rí i."

"Èmi rí i." Ohùn tó fi ń bá àwọn awakọ̀ ojú irin wí ló fi sọ ọ́. "Ó ti tó ìgbà wo tó o ti ń gbé mi gba ẹ̀yìnkùlé?"

"Oṣù mẹ́jọ, sà."

"Oṣù mẹ́jọ ṣòfò." Ó fúnra rẹ̀ fa ẹṣin náà sẹ́yìn. "Ó yá, parí ẹ̀."

Ẹṣin mi fò. Ó fi bíṣọ́ọ̀bù bo ọba rẹ̀. Mo jẹ ayaba rẹ̀.

Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi fún fọ́ọ̀mù, ó bu ọwọ́ lù ú, ó kọ déètì sí i. Déètì náà péye.

Mo kó ẹ̀wù mẹ́rin, ṣòkòtò mẹ́ta àti awò ojú rẹ̀ sínú báàgì. Nígbà tí mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà, bàbá mi ti to pátákó padà, ó ń dúró dè mí.

"Abẹ́rẹ́, ta ló ń rìnrìn àjò?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kẹ̀? Mi ò lọ síbì kankan." Ó di apá àga mú. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Mo ṣí ìdérí àpótí náà, mo ka gbólóhùn tó kọ kẹ́yìn. Mo sì mú un lápá kan. Ẹ̀gbọ́n mi mú apá kejì.